Bàtà Ọ̀tún Ògiri

Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àlejò kọ́kọ́ jáde lọ na ara lórí pápá, ilẹ̀ gbẹ. Ìyá Bàtà fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra koríko, ó ní bàtà tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ni gbogbo wọn yóò wọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé tó ti ń tọ́jú bàtà fún ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ilẹ̀ tíì tàn án jẹ. A ó dé orí ẹ̀ẹ̀kan yẹn.

Wọ́n padà sókè, sínú yàrá ìmúra. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí fèrè dún ni olùtọ́jú pápá, ìránṣẹ́ onílé, bá ṣí ẹ̀rọ omi. Omi tú jáde láti inú ilẹ̀ níbi mẹ́jọ, ó ń fọ́n yíká bí ẹni pé koríko ló ń ké gbẹ̀ẹ́. Òfin ò sọ pé kí onílé má bomi rin koríko rẹ̀. Àwọn onílé kéré lára, ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́, wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó ń yọ̀ lọ ṣàà. Àwọn àlejò jẹ́ géńdé, ẹni tó bá sì tóbi ni ilẹ̀ tútù máa ń kọ́kọ́ dójú tì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn ò bá wa sọ ti àlejò tó máa tẹ ibẹ̀ tí yóò fi ìdí jókòó.

Eré ìkẹyìn nínú ọdún náà ni. Bí àwọn àlejò bá ta ọ̀mì, wọn yóò wà ní ìpele àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọ́n já sí ìpele kejì nìyẹn. Ọmọ inú ilé pàápàá mọ ìṣirò yẹn.

Ẹni tí ìṣirò náà wà lọ́rùn rẹ̀ jù ni Ògiri, ẹni tó ń dúró láàárín ẹ̀yìn. Àbúrò Ìyá Bàtà ni, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ máa ń fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀, wọ́n á sì bi agbábọ́ọ̀lù iwájú èyíkéyìí tó bá wá bóyá ó rí ibi tó là. Orúnkún ọ̀tún Ògiri ní àpá kan tó gùn tó ìka àárín. Kò fẹ́ràn kí ènìyàn wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan tí mo wí nìyẹn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òjò rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ eré kan. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní bàtà méjì: ọ̀kan tí àwọn kókó abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní eyín, jẹ́ rọ́bà tí a rọ mọ́ ọn, àti ìkejì tó ní ihò mẹ́fà lábẹ́, tí a lè fi sípánà de eyín irin tàbí eyín rọ́bà mọ́. Rọ́bà ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ há sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ nínú omi. Irin ò gbọ́ pé omi wà, ó ń gún ilẹ̀ dì mú ni. Lọ́jọ́ yẹn, Ògiri ní kí ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní rọ́bà. Ìyá Bàtà ní ṣé ó fẹ́ lọ ṣubú lójú ayé ni, ó gbé irin lé e lọ́wọ́. Nígbà tí eré gbóná, Ògiri yí padà lójijì. Ara yí, ẹsẹ̀ ò yí. Ìyá Bàtà gbọ́ ìró orúnkún náà láti orí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí.

Oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin náà fi gbé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àjà kẹta. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá ń lọ ilé ìwòsàn, ìdí ló fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, géńdé ọkùnrin, láti orí ọ̀kan sórí ìkejì bí ọmọ tó ń rákòrò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì gbé ọ̀pá méjèèjì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ògiri kò fi ìgbà kan dá a lẹ́bi rí. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ obìnrin náà nínú. Dókítà ẹgbẹ́ sì ti bá àwọn méjèèjì sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ó ní, "A ti rán an. Tó bá tún já, bọ́ọ̀lù kọ́ ni mo máa sọ pé ó tán. Àtẹ̀gùn ni."

Rọ́bà náà ni wọ́n wọ̀ gbá ìlàjì àkọ́kọ́, ó sì parí ní òdo sí òdo, ṣùgbọ́n kò dùn ún wò. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kẹ́rẹ́, agbábọ́ọ̀lù iwájú àwọn onílé, gbá bọ́ọ̀lù kan tó lu òpó tó sì ta jáde. Bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ sinmi, omi tún ti ń fọ́n lẹ́yìn wọn.

Kóòṣì ò pariwo. Ó jẹ́ ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń le sí i. Ó ní, "Ìyá Bàtà, irin. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ní."

"Mo ti gbọ́, Kóòṣì."

Ó ti kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. Ó gbé àpótí eyín síwájú, ó fa sípánà yọ lọ́rùn, ibi tó máa ń so ó kọ́. Eyín mẹ́fà lábẹ́ bàtà kan, méjìlá lábẹ́ méjèèjì. Ó ṣe ti ẹni kìíní, ó ṣe ti ẹnìkejì, ó ṣe ti ẹnìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń yára ju ojú lọ. Ó fa ti Ògiri sọ́dọ̀. Ó de irin mẹ́fà mọ́ òsì. Ó gbé ọ̀tún, ó mú irin kan nínú àpótí, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀.

Kí a má parọ́, kò ronú jinlẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí okùn á fò sókè. Ó ti fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà bó ṣe ń gòkè bọ̀: òkè rẹ̀ ti rọ̀, ìsàlẹ̀ ṣì le, irú ilẹ̀ tó máa jẹ́ kí irin wọlé tí kò sì ní dá a padà kíákíá. Ó yí ẹ̀yìn sí yàrá, ó ṣa eyín rọ́bà mẹ́fà ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó dè wọ́n mọ́ bàtà ọ̀tún. Ó gbé bàtà náà fún àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò wo ojú.

Ògiri wọ̀ ọ́, ó dìde, ó tẹ òsì, ó tẹ ọ̀tún. Ó tún jókòó, ó sì ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà.

Ó ní jẹ́jẹ́, "Àǹtí, ọ̀tún kúrú."

"Bóyá o ò so ó dáadáa ni."

"Kì í ṣe okùn. Ẹ fún mi ní irin."

"Ilẹ̀ yẹn máa di irin mú. Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò."

"Kó dì í mú. Bó bá jẹ́ orúnkún ló máa gbà kí a tó wà ní ìpele yìí, kó gba orúnkún. Ọdún mélòó ló kù tí mo fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù? Kí ni mo tún fẹ́ fi orúnkún ṣe?"

"Wàá fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Ó fẹ́ fèsì, agogo ilẹ̀kùn dún. Rẹfirí ń pè wọ́n. Ká ní ó fẹ́, ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè kó fi han Kóòṣì, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ó so okùn bàtà náà dì, ó sì dìde.

Àtẹ̀gùn símẹ́ńtì ló wà láàárín yàrá ìmúra àti pápá. Kóòṣì máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa gbọ́ ìró bàtà, nítorí irin kì í dákẹ́ lórí símẹ́ńtì. Àwọn mẹ́ta kọjá, kò-kò, kò-kò. Ògiri dé, òsì ń dún, ọ̀tún ò dún. Kò. Kò sí nǹkan. Kò. Kò sí nǹkan.

Kóòṣì yí orí. "Ògiri, ṣé ò ń tiro ni?"

"Rárá, Kóòṣì."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀."

Ìyá Bàtà tó wà lẹ́yìn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àpótí eyín kọ lu ògiri símẹ́ńtì, ariwo irin bo ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kóòṣì ní kí ó rọra. Wọ́n jáde.

Bí ènìyàn bá bi Ìyá Bàtà títí di òní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlàjì kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo ló lè sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Kò wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ náà gúnlẹ̀, ó gbéra, ó gúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ògiri gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà yọ̀ díẹ̀, òsì tó ní irin sì gbà á dúró. Ìyá Bàtà rò pé bóyá òun gbọ́n, bóyá orí òun pé. Ìrètí kò mọ̀ pé aago ò tíì parí iṣẹ́.

Ní ìṣẹ́jú kẹrìndínláàádọ́rùn-ún, Ọ̀kẹ́rẹ́ gba bọ́ọ̀lù níwájú àwọ̀n, níbi tí omi ti pọ̀ jù. Ó ṣe bí ẹni tó ń lọ sí òsì, ó já sí ọ̀tún. Ògiri tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó sì yí gbogbo ara lé e lórí. Yíyí ọdún méjì sẹ́yìn gan-an ni, kò yẹ̀ rárá. Ìyá Bàtà ti dìde dúró, ó di sípánà tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú.

Ẹsẹ̀ náà kò dúró. Ó yọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ògiri fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ fò ó kọjá, ó sì rọra ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Gbogbo òǹwòran dìde, wọ́n ń hó. Apá kan lára àwọn onílé ti mú òwe náà, wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé ògiri ti lanu. Ìyá Bàtà ò gbọ́ wọn. Ó rí i tí àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, tó ká orúnkún ọ̀tún, tó nà án, tó dìde lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn. Ìdùnnú yẹn ló kọ́kọ́ dé, kí ó tó rí pátákó tó ń fi ọ̀kan sí òdo hàn, kí ó tó rí ojú àwọn ọmọkùnrin tí òun ti ń bá fọ ẹrẹ̀ bàtà wọn láti ọdún mọ́kànlá. Ojú tì í, ojú tì í gidigidi, síbẹ̀ ìdùnnú náà ò lọ.

Wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n padà sínú yàrá ìmúra. Ògiri bọ́ bàtà, ó gbé orí lé ọwọ́. Kóòṣì wá, ó mú bàtà ọ̀tún, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́.

Ó béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Ògiri ò gbé orí sókè. "Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ yẹn ń bà mí."

Kò sí agbábọ́ọ̀lù kan níbẹ̀ tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá Bàtà rí bí àwọn kan ṣe gbójú kúrò lára Ògiri, ìyẹn sì dùn ún ju gbogbo ohun tó kù lọ.

"Irọ́ ló ń pa, Kóòṣì," ó ní. "Irin ló bẹ̀ mí fún. Èmi ni mo kọ̀. Mi ò sì sọ fún yín."

Kóòṣì gbé bàtà náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá bàtà sílẹ̀ fún mi."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó yọ sípánà lọ́rùn, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì.

Dókítà kúnlẹ̀, ó ká orúnkún náà, ó nà án, ó ní kò sí nǹkan. Ìyá Bàtà bi í pé tó bá jẹ́ irin ńkọ́. Dókítà gbé èjìká. "Bóyá ì bá ti já. Bóyá Ògiri ì bá ti gba bọ́ọ̀lù yẹn jáde. Ìyá Bàtà, ta ló mọ̀?" Ìdáhùn tí yóò máa gbé kiri títí ayé nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ògiri wọ sálúbàtà. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé àpótí bàtà ńlá, èyí tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló máa ń gbé e, ó gbé e lé èjìká nìkan, inú ń bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ìyá Bàtà ń tẹ̀lé e, ó ń ka àtẹ̀gùn náà nínú. Mẹ́tàdínlógún ni. Ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ kejì lórí ìkejì, títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Ó gbé àpótí kalẹ̀ níbẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì yín o, Àǹtí."

"Mo gbọ́."

"Ó lè pẹ́."

"Jẹ́ kó pẹ́. Ilé mi ò kúrò ní àjà kẹta. Tó bá yá, gun àtẹ̀gùn wá."

Ó tún gbé àpótí náà, ó sì lọ gbé e sínú ọkọ̀.