Ṣòkòtò Ìdérí

Ìdérí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, kì í sì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni fífọ táǹkì omi, àwọn ńláńlá tó máa ń wà lórí òrùlé ilé ìwòsàn, iléèwé àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ wọ́n yóò gba ẹnu táǹkì wọlé, yóò ha inú rẹ̀ mọ́, yóò sì gba ibẹ̀ náà jáde. Lọ́jọ́ kan, lórí òrùlé iléèwé kan, ọkọ mi ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu táǹkì. Ẹsẹ̀ wọlé, itan wọlé, ikùn ní òun ò lọ síbì kankan. Kò ṣeé tì sísàlẹ̀, kò ṣeé fà sókè. Àwọn ọmọ iléèwé tú jáde wá wòran, ọ̀kan nínú wọn ní táǹkì àwọn ti ní ìdérí tuntun. Ọkùnrin mẹ́rin àti ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi fà á yọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò ṣeé fà yọ mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun á fún un láǹfààní kan sí i: bí ìsinmi iléèwé ọlọ́jọ́ gígùn bá fẹ́ parí, táǹkì yẹn kan náà ni yóò wọ̀. Bó bá wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, yóò di ẹni tó ń di rọ́bà omi mú nísàlẹ̀, Ìgbálẹ̀ yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ìgbálẹ̀ yìí ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó tín-ín-rín débi pé bó bá dúró ti òpó iná, òpó iná lèèyàn máa kọ́kọ́ kí.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ mi wọra. Lẹ́yìn èmi, táǹkì ló fẹ́ràn jù láyé, mo sì gbà láìjiyàn pé èmi ni mo ṣíwájú. Inú táǹkì ló ti máa ń kọrin, ó ní kò síbòmíràn tí ohùn òun ti ń dùn. Òótọ́ ló sọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ nílé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó fi ṣúgà sílẹ̀, ó fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, ó fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ń jẹ kábéèjì bíbọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Láàárọ̀ á sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa láti ìsàlẹ̀ dókè, nírọ̀lẹ́ á máa fo okùn nínú pálọ̀, títí ayálégbé ìsàlẹ̀ fi gòkè wá bẹ̀ wá pé ọ̀dà ara àjà ń bọ́ sínú tíì òun. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rere, ń bá a jẹ búrẹ́dì tó fi sílẹ̀, kó má baà bàjẹ́.

Ó ra òṣùwọ̀n. Níbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n sún sẹ́yìn díẹ̀, ọkọ mi sì jó. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ kò mira mọ́. Lọ́jọ́ tó sún padà síwájú báyìí, ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó pè é ní òpùrọ́, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ìyẹn sì fi í ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń mì.

"Ṣòkòtò ni mo máa fi mọ̀," ni ọkọ mi wí. "Ṣòkòtò kì í purọ́."

Ìyá rẹ̀ ọ̀hún, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Aránṣọ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, òun ló sì ń lọ aṣọ gbogbo ilé. Ohun tó ń bí i nínú láyé kò ju aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Bí àlejò bá wọ irú ẹ̀ wá, Màmá kì í gbọ́ ohun tí àlejò ń sọ, ìránṣọ yẹn ni yóò tẹjú mọ́. Nígbà kan, ẹni tó wá ka mítà iná ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Màmá ti fi pín-ìn-nì dín apá ẹ̀wù rẹ̀ kù.

Oṣù ń yí lu oṣù, ṣòkòtò kò sì purọ́. Láràárọ̀, ọkọ mi á fa ṣòkòtò iṣẹ́ wọ̀, á fa ikùn sínú, á fi tipátipá di bọ́tìnnì. Bó ṣe fún un níjọ́sí náà ló ṣe ń fún un. Á wá jókòó sétí ibùsùn bí ẹni tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́bi. Síkẹ́ẹ̀tì tèmi náà ti ń fún mi lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọṣẹ ìfọṣọ, mo ní òun ló ń sún aṣọ kì.

Ni mo bá di oníwàásù. Mo ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ní ẹni tó bá ní sùúrù, á fún wàrà kìnnìún. Ó ní òun ò fẹ́ wàrà, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo wá ronú kan òwe tó bá ọ̀rọ̀ náà mu régí.

"Ọkọ mi, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Ó wò mí títí. "Ta lo ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀?"

Màmá kò dá sí wa, ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ku díẹ̀ kó parí, mo bá a nílé ìdáná lọ́sàn-án gangan, ó gbé odidi búrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Kò tíì jẹ ẹ́, ó kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Ó ní òun ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀dá lè ṣe, ṣòkòtò ò gbọ́, òun á lọ sọ fún ọ̀gá pé kó gbé iṣẹ́ fún Ìgbálẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé òwe kankan kò wá sí mi lẹ́nu. Mo kàn gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ ibi tí màá fi í pamọ́ sí.

"Ẹ dé ẹnu táǹkì ná," ni mo wí. "Bí kò bá gbà yín, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nílé ìdáná."

Mo tẹ̀ lé e lọ, nítorí mi ò fọkàn tán an. Ọ̀gá wà lórí òrùlé, olùkọ́ àgbà iléèwé náà wà níbẹ̀, Ìgbálẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà omi. Wọ́n ti fa omi táǹkì gbẹ, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ mi fi ọṣẹ ra ara láti àyà dé orúnkún, ó bọ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń rìnrìn àjò tí kò ní àbọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu táǹkì. Ó di ojú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní.

Agbára ọkùnrin ọjọ́sí ló lò, ikùn ọjọ́sí kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó lọ fìrì bí òkúta tó já sí kànga. A gbọ́ gbìì, a gbọ́ omi tó ta, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá káwọ́ lérí. Mo yọjú sínú òkùnkùn, mo bi í pé ṣé ó ti kú ni.

"Mo ti wọlé," ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó dùn lóòótọ́, olùkọ́ àgbà tiẹ̀ bi wá pé ta ló tan rédíò.

Ó fọ táǹkì tán, ó fa ara rẹ̀ jáde, ó sì nà gbọnran lórí òrùlé kí gbogbo wa lè rí i. Ibẹ̀ ni òwú bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ tó ti rin ti já, ṣòkòtò sì wọ́ lọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Olùkọ́ àgbà yíjú sí ojú ọ̀run, ó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Mo sáré lọ kó ṣòkòtò náà, mo sì rí i pé ìbàdí rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yí i síta. Aṣọ tí wọ́n ká wọlé ló wà níbẹ̀, ìránṣọ ń tẹ̀ lé ìránṣọ: òwú pupa, òwú búlúù, òwú funfun, òwú dúdú, pupa tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yí ká, èyí kò jìnnà sí èyí ju èékánná lọ. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó rán an.

Ọkọ mi gbà á. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn níkọ̀ọ̀kan, láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí ìkẹyìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ àárín wọn, àyè ṣì kù. Ó jókòó sórí òrùlé tòun ti pátá, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ikùn mi ń dín," ló wí fún mi. "Láti ọjọ́ yìí wá, ó ń dín."

Nígbà tí a délé, a tẹ́ ṣòkòtò síwájú Màmá. Kò tiẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀.

"Gbogbo ìgbà kí n tó lọ̀ ọ́, mo máa ń rí i lára ọmọ yìí pé ó ti fẹ̀," ló wí. "Mo rán an wọlé, ó tún fẹ̀. Mo ní aṣọ burúkú ni wọ́n tà fún ọmọ mi. Àbí kó máa fi ọwọ́ kan fọ táǹkì, kó fi ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú?"

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní ta ló bi òun.

Nígbà náà ni inú mi dùn lójijì, nítorí mo rántí síkẹ́ẹ̀tì mi. Àṣé n kò jẹ̀bi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹ sì jẹ́ kí n máa bá ọṣẹ ìfọṣọ jà. Mélòó lẹ rán wọlé nínú tèmi?"

Màmá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ọkọ mi, ó tún wò mí.

"Ìyàwó," ló wí, "tìẹ, mi ò fọwọ́ kàn án."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá kábéèjì bíbọ̀ lórí tábìlì, àwo méjì. Òṣùwọ̀n ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ Màmá, ó wà nílẹ̀ pálọ̀. Ọkọ mi dúró tì í, ó na okùn tó fi ń fò sí mi, ojú rẹ̀ tutù bí ojú oníwàásù.

"Ìyàwó mi, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Mo bi í pé ta ló ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀, mo sì gba okùn náà.