Bọ́tìnnì Kẹta

"Wọ́n ní níwájú fádà ni," Tántí Marlène wí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu díẹ̀. "Ìyàwó náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ní òun ò… ẹ̀n, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú òun wá ni òun ò ti… Ẹ sáà mọ ohun tí mò ń wí. Àti pé ọmọ tó bí yẹn gan-an, wọ́n ní bóyá…"

Kò parí rẹ̀. Ó gbé fáànù tó bàjẹ́ lé orí tábìlì, ó sì ń wo Ràzáàkì lójú bóyá ó máa béèrè èyí tó kù.

Nàfísátù kò gbé ojú sókè. Irin gbígbóná tó fi ń jó òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ nímú, kò sì rántí gbé e kúrò. Bàbá rẹ̀, Ràzáàkì, tó ni ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe náà ní Godomey lẹ́bàá Kútọnu, béèrè pé ilé ta ni wọ́n ń sọ. Tántí Marlène, tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta, ní ilé àwọn Faríà ni, àwọn Àgùdà yẹn, ní Ganhi. Ó ní ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé sára ògiri tó tú àṣírí obìnrin náà.

"Tó bá jẹ́ ènìyàn ló sọ ọ́, mi ò ní gbà," ó wí. "Ẹ̀rọ á ti ṣe máa purọ́ mọ́ni?"

Nígbà tó lọ tán, Ràzáàkì yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ṣé iṣẹ́ tìẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Wáyà kan ló yọ," Nàfísátù wí.

Títí di òní, kò tíì purọ́ fún un lórí iṣẹ́ rí. Láti kékeré ló ti ń jókòó sẹ́yìn àga rẹ̀, tó ń di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mú fún un, tó ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ń bá ara wọn sọ. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fún iṣẹ́ náà ju ibẹ̀ lọ. Ti ilé Faríà yìí sì ni àkọ́kọ́ tí òun nìkan dá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdún tó kọjá ni Bàbá Rigobert Faríà kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ sọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà di yàrá ìrántí: àwòrán àgbà mẹ́rin lára ògiri, bọ́tìnnì kan lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan láàárín. Bí àlejò bá tẹ bọ́tìnnì, yóò gbọ́ ohùn ẹni tó ni àwòrán náà, yóò sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ nìkan. Màmá Antoinette, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí ọkọ tirẹ̀ ti kú tipẹ́, ló ní òun ò ní la ẹnu tí kò léyín mọ́ han gbogbo Kútọnu. Nàfísátù wá kúkú ya ọwọ́ gbogbo wọn, kí ó lè dọ́gba. Ti olóògbé nìkan ló yàtọ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n rà kò ní ju ihò kan ṣoṣo lọ fún bọ́tìnnì. Ìyẹn ni Nàfísátù fi so àpótí kékeré kan mọ́ ọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bùwàtíè. Ihò mẹ́jọ wà lápá òsì rẹ̀, níbi tí àṣẹ ti ń wọlé láti ara bọ́tìnnì. Mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún, níbi tí àṣẹ ti ń jáde lọ tan iná. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kẹta, àpótí náà yóò sọ fún ẹ̀rọ pé kó mú fídíò kẹta wá, yóò sì tan gílóòbù pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àpótí náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ló mọ̀. Bàbá Rigobert ni ìkíní. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọláníkẹ́, ni ìkejì. Màmá Antoinette ni ìkẹta. Ìkẹrin ni Bàbá Tàjúdéènì, àbúrò olóògbé, tó di olórí ẹbí báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Nàfísátù fi ṣe é, ó dán an wò títí, kò sí èyí tó ṣì.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n máa ṣí yàrá náà, Màmá Antoinette ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró níwájú ògiri, ó wò ó láti òpin kan dé èkejì.

"Ta ló fi ìyàwó ṣáájú mi?"

Nàfísátù ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni òun rò pé ó yẹ kó wà.

"Èmi tí mo pọn Rigobert. Ìgbà tí mo ń pọ̀n ọ́n, ibo ni ìyàwó wà?" Kò pariwo. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbé mi sí ipò mi, ọmọ mi, kí àlejò tó dé."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Nàfísátù: Màmá, bí a bá gbé àwòrán, àfi ká gbé wáyà pẹ̀lú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀n, Màmá." Ó gun àga, ó fi àwòrán kejì sípò ìkẹta, ó fi ìkẹta sípò ìkejì. Ó rò ó pé bí Màmá bá dìde, òun á tú pákó ẹ̀yìn, òun á pààrọ̀ wáyà méjì náà. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n Màmá Antoinette fa àga kan, ó jókòó sí iwájú ògiri gan-an, ó mú rósárì rẹ̀ jáde. Nàfísátù dúró pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́. Bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan báyìí, Màmá á rò pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí òun ṣe ni òun ń tú palẹ̀. Ó ń dúró kí Màmá dìde. Màmá kò dìde títí fádà fi dé.

Lẹ́yìn àdúrà, ọkùnrin àlejò kan rìn lọ tààrà sí abẹ́ àwòrán Ìyá Ọláníkẹ́. Opó ni, ohùn rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gílóòbù pupa tàn lábẹ́ ojú opó náà. Ọwọ́ arúgbó méjì tó ń bó ẹ̀gúsí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn kan sì jáde, ó ha díẹ̀, bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà:

"Mi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n mú mi wá fún un ni."

Nàfísátù sáré, ó fa wáyà ẹ̀rọ fídíò yọ lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Iná bùwàtíè wà lọ́tọ̀, nítorí náà gílóòbù pupa náà kò kú. Ó ń tàn lábẹ́ ojú Ìyá Ọláníkẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá na ìka síni. Opó náà dúró láàárín èrò. Màmá Antoinette ń wo rósárì ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Tàjúdéènì wá béèrè, ní pẹ̀lẹ́, pé ṣé ẹ̀rọ náà ló ṣì ni.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," Nàfísátù dáhùn.

Ìdáhùn yìí ló ń pa á láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe wáyà tó fà yọ, kì í ṣe àwòrán. Wọ́n bi í, ó mọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Bàbá Tàjúdéènì ti yàrá náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ẹbí yóò jókòó wò ó bóyá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tún lè máa gbé ilé ẹ̀gbọ́n òun, tàbí kó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì tí Tántí Marlène mú ìròyìn wá, Nàfísátù gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn lọ sí Ganhi. Ó bá Ìyá Ọláníkẹ́ nínú yàrá rẹ̀, àpótí aṣọ wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń ká aṣọ sínú rẹ̀. Nàfísátù kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àwòrán dé orí wáyà. Obìnrin náà kò dá kíká aṣọ dúró.

"Mo mọ ohùn yẹn," ó wí. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń dá a lóhùn láti ilé ìdáná."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí fún wọn, Màmá?"

"Kí n na ìka sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níwájú fádà, lójú àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ tirẹ̀? Ìyàwó ilé ni mí." Ó wò ó nígbà yìí. "Èmi ní ìdí tèmi. Ìwọ ńkọ́? Ìyàwó ta ni ìwọ nílé yìí?"

Ojú ń ti Nàfísátù débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Dìde, orúnkún á dùn ọ́. Bí o bá máa sọ̀rọ̀, sọ tìrẹ. Má dárúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ̀. Ràzáàkì tẹ́tí títí ó fi parí.

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ kí o máa gbọ́," ó wí. "Mi ò kọ́ ọ pé kí o dákẹ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀, ó mú irin ìtúpákó tó dára jù níbẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó fi í sínú àpò Nàfísátù.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn máàsì, àwọn Faríà jókòó sí pálọ̀ òkè. Ìyá Ọláníkẹ́ wà lórí àpótí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá Tàjúdéènì wo Nàfísátù tó wọlé, ó ní àwọn ò ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nàfísátù kúnlẹ̀ síbi tó dé, ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní kó tún un sọ.

"Kì í ṣe ohùn Ìyá Ọláníkẹ́ lẹ gbọ́," ó wí. "Èmi ni mo pààrọ̀ ipò àwòrán, tí n kò pààrọ̀ wáyà. Èmi ni mo sì fa wáyà yọ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ẹ bi mí lọ́jọ́ náà, mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀, Bàbá."

"Ta wá ló sọ ọ́?" Bàbá Tàjúdéènì béèrè.

Nàfísátù di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló ní kí o pààrọ̀ àwòrán?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, Bàbá. Ibi tí tèmi mọ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí yàrá, màá tún un ṣe báyìí."

Bàbá Tàjúdéènì ní ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ló ti bẹ̀ ẹ́ kó wá gba ẹ̀bi rù. Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nàfísátù gbọ́ tí rósárì kan dẹ́kun dídún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Tàjú, fi wọ́n sílẹ̀," Màmá Antoinette wí. "Èmi ni."

Arúgbó náà na ọwọ́ sí Ìyá Ọláníkẹ́, ó ní kó kúrò lórí àpótí, kó wá jókòó ti òun. Ó dúró títí obìnrin náà fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sún aṣọ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló wo Nàfísátù.

"Ìwọ lo gbà á sílẹ̀. Ṣé o ṣì rántí rẹ̀?"

"Mo rántí, Màmá. Gbogbo rẹ̀."

"Ibo lo ti gé mi?"

"Ibi tí ẹ ti ní wọ́n mú yín wá fún un."

Màmá Antoinette mi orí. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà lórí àga níwájú rẹ̀. Kò wo ojú wọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ìgbà tó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì sọ ọ́. Nàfísátù, tó ti gbọ́ ọ nígbà àìmọye lẹ́nu ẹ̀rọ, ń bá a lọ nínú ọkàn rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ̀.

"Mi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n mú mi wá fún un ni. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọdún keje ni mo tó bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé e ti ilé ìwòsàn dé, tí kò lè dá jẹun mọ́, èmi ni mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú mọ́ ṣíbí, kò jẹ́ kí n gbà á. Mo ní, ẹ̀kọ ti tán. Kò fi í sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ ló ń fẹ́. Mo jókòó tì í, mi ò gba ọwọ́ mi mọ́."