Ọjọ́ Márùn-ún ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé

Nígbà tí Rógódó bì lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ẹ̀ ti múra iṣẹ́ tán. Ọmọbìnrin oṣù mọ́kànlá ni Rógódó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó yọ rógódó-rógódó ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá pààrọ̀ aṣọ fún un, ó pọ̀n ọ́n, ó yà ra oògùn olómi ní kẹ́míìsì, ó sì gba ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ lọ. Kó tó di ọ̀sán, ìgbẹ́ gbuuru ti ba ọ̀já jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lọ ṣù jọ bí òkè níwájú ẹ̀.

"Gbé ọmọ ẹ lọ sílé," ni ọ̀gá ẹ̀ wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí oníbàárà rí i báyìí."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Bàbá ẹ̀, tó máa ń jó irin, ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n sì jọ gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí bẹ́ẹ̀dì tó wà. Owó kan ṣoṣo tó wà lápò bàbá, owó tí oníbàárà kan san sílẹ̀ fún geètì ni, wọn ò sì tíì fi ra irin. Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ wo ilẹ̀. Bàbá lọ san án.

Nọ́ọ̀sì wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ, kò rí i. Ó wá a lẹ́sẹ̀, kò rí i. Orí ló ti padà rí i. Ìyá di ẹsẹ̀ ọmọ mú gírígírí, kò ṣẹ́jú, kò gbójú kúrò. Lẹ́yìn ìgbà tí omi tí wọ́n fà sí ọmọ lára bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ìyá rí i pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ti hun jọ, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó jókòó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, káàdì àjẹsára ọmọ dà?"

Ó mú un jáde. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ ìlà kan. "Èyí tí wọ́n máa ń kán sí wọn lẹ́nu nítorí ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà á. Kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

Ó padà wá. Ó tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, èèyàn mẹ́rìnlélógún ló wà níwájú ẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ ku díẹ̀, ó ronú pé tí òun bá pẹ́, wọ́n á gé owó ọjọ́ yẹn, ó sì kúrò lórí ìlà. Ó ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ní iṣẹ́ tiẹ̀.

"Mo wá," ló sọ. "Mi ò dúró."

Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. "Ọjọ́ orí ẹ̀ ti kọjá ìgbà tó lè gbà á báyìí, mà." Ó dá káàdì padà.

Ìyá retí kí nǹkan kan gún òun láyà. Kò sí nǹkan kan. Ó ká káàdì sínú ọ̀rá, ó sì fọ ìgò tó fi ń fún ọmọ lóúnjẹ.

Ọkọ ẹ̀ máa ń dé nírọ̀lẹ́, tòun ti ìwé oògùn tí wọ́n ní kó lọ rà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọmọ ẹ ti jẹ odidi geètì tán. Fèrèsé ló kù." Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín. Ìyá Rógódó náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò là.

Ọ̀gá ẹ̀ pè é lórí fóònù lálẹ́ yẹn. "Ṣé ọ̀la lo máa wọlé?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Ó dáa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n dá wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ ẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ọmọge kan ló wà nídìí tábìlì ẹ̀, tó ń fi áyọ́ọ̀nù ẹ̀ lọ aṣọ.

"Òtẹ́ẹ̀lì ò lè dúró dè wá," ọ̀gá wí, kò sì wo ojú ẹ̀. "Tó o bá fẹ́, bọ́ sẹ́yìn, kó o máa fọ aṣọ. Iye tó o bá fọ̀ ni màá máa san fún ẹ."

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, ó sì ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Nígbà tó gba ọmọ padà, tó sì délé, ọwọ́ ẹ̀ ti bó. Ọkọ ẹ̀ gbé omi kaná, nítorí nọ́ọ̀sì ti ní wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ lómi tí wọn ò sè mọ́.

"Kí ni wọ́n wí níbi iṣẹ́?" ó bi í.

Ó sọ fún un.

"Oníbàárà yẹn ní òun fẹ́ geètì òun ṣáájú oṣù tó ń bọ̀," ọkọ náà sọ. "Ṣé inú ò bí ẹ?"

"Ó yẹ kó bí mi," ló dáhùn. "Mo ń dúró dè é ni."

Rógódó fìdí wọ́ wá sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò tíì yọ padà. Ìyá ẹ̀ gbé e, ó fún un lóúnjẹ, ó kà á pé ṣíbí mẹ́sàn-án ló jẹ, ó sì ń wò ó bóyá á bì í. Kò bì í. Omi hó lórí iná. Ọkọ ẹ̀ sọ ìkòkò omi náà kalẹ̀, ó bò ó, ó sì pa gáàsì kíá kó má bàa tán.