Ìwé Àwíjàre Afárá Elépo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé ṣe ń pa ènìyàn, kó lọ bi Dorcas léèrè. Kò ní purọ́ fún un, nítorí irọ́ ti sú u. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo fáìlì iṣẹ́ àgbàṣe ń gbà kọjá.

Ní oṣù Kẹfà, Ọ̀gá Bọ́láwálé, olórí ọ́fíìsì wọn, pè é wọlé, ó ní kó jókòó. Ọ̀gá kì í ní kí ènìyàn jókòó lásán. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ afárá kan fún Adéṣínà, agbaṣẹ́ṣe tó ń bá alága káńsù jẹun, wọn ò sì fẹ́ polówó iṣẹ́ náà kí àwọn mìíràn má baà wá díje. Òfin fàyè gba irú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì. Ohun tó kù ni ìwé àwíjàre tí yóò sọ pé pàjáwìrì ni.

“Afárá wo ló ń wó, Ọ̀gá?”

“Ẹ̀yin lẹ máa wá a, Mọ̀dáàmù. Ẹ̀yin lẹ mọ inú oko. Bí kò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá akọ̀wé ní Ọmúò.”

Ọmúò jìnnà. Opó ni Dorcas, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Joshua, bàbá náà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù sì wà ní Èkó àti òkè òkun. Bí Dorcas bá lọ sí Ọmúò, ta ni yóò máa dáná fún un, ta ni yóò máa bá a jà pé oko tó gẹ́ẹ́?

Ó ronú títí, ó wá mú afárá odò Elépo, èyí tó wà lójú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ gan-an. Ẹ má pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ìfẹ́ ló fi mú un. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ Áńgílíkà wọn ló fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ sì ru òkúta títí èjìká rẹ̀ fi bó. Afárá náà le ju ọ́fíìsì káńsù lọ. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ kì í sì í ní fáìlì, nítorí náà kò sí ìwé tó lè ta ko tirẹ̀. Ohun tí kò lè wó, bí a kọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún pé ó ń wó, kí ló kàn án? Bóyá Adéṣínà á tilẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún.

Ó kọ ọ́ pé pákó ni afárá náà, pé ó ti jẹrà, pé bí wọ́n bá dúró polówó iṣẹ́, ẹ̀mí yóò ṣòfò. Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ̀dáàmù mọ ìwé kọ.

Ní oṣù Kẹjọ, ìròyìn dé pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti Adó wá wo afárá náà. Afárá kò jọ ìwé. Adéṣínà wá rán katapílà lọ kó lọ mú un jọ ìwé. Àárọ̀ ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí òkúta àwọn baba wọn tó gbà fún un. Wọ́n fi ògbólógbòó pákó méjì dábùú odò. Àwọn olùbẹ̀wò dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n mi orí, wọ́n wọkọ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, a ò rí Adéṣínà, a ò sì rí búlọ́ọ̀kù kan.

Dorcas lọ bá Ọ̀gá. “Kí ló dé tí wọ́n wó o?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó ti jẹrà, Mọ̀dáàmù. Ṣé kí wọ́n wá bá yín lórí irọ́ ni?”

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ wọn, bàbá rẹ̀ mú àdá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní ìjọ wọn, iṣu tí àgbẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ wà ló ń gbé síwájú pẹpẹ, Joshua kò sì pa ọdún kan jẹ rí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ra iṣu fún yín.”

“Uṣu ọjà kọ́ ni mo fi ń dúpẹ́.” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Afárá tí a fọwọ́ ara wa kọ́, wọ́n ní ó jẹrà. Ìwọ tí ò ń ṣe uṣẹ́ níbẹ̀, Dorcas, ta ló kọ ọ́?”

Bó bá sọ ọ́, bóyá ìbínú á dá bàbá náà jókòó sílé. Ojú tì í.

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

Bàbá lọ. Ìgbà tó ń bọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó. Stephen, aládùúgbò wọn, ló rí i nísàlẹ̀ odò, iṣu mẹ́ta ṣì wà nínú àpò tó so mọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá wá sí tábìlì Dorcas, ó kí i kú ará fẹ́ra kù, ó sì ṣí fáìlì. “Alága ti pààrọ̀ Adéṣínà. A fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, láìpolówó. Ẹ kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó máa bi wá ní nǹkan kan. Ẹ kàn bá wa fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá sí i.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ohun tó dun Dorcas jù ni pé ó ń káàánú rẹ̀ ní tòótọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Wọn ò sọ iye òkú tí irọ́ á ti sin kó tó dọjọ́ náà. Dorcas fa ìwé yọ. Ó kọ ọ́ pé òkúta ni afárá Elépo, pé kò jẹrà rí, pé Joshua wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló dáhùn ìbéèrè tí bàbá rẹ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Èmi Dorcas ni,” ó sì fọwọ́ sí i.