Ohun Tí Mo Sọ fún Dúródọlá

Wọ́n máa ń sọ nílùú yìí pé ẹnu mi mú. Wọn ò parọ́. Àrìnkẹ́ ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa ní bí inú bá ti ń bí mi, kí n bu omi sẹ́nu, kí n má gbé e mì títí ara mi á fi rọ̀. Ó kú tán, mi ò rí ẹni tó ń rán mi létí mọ́.

Ọdún kẹta tí ó kú ni Dúródọlá wálé láti Ìbàdàn. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu níbí la jọ dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ àwa méjèèjì ní ìbọn yíyìn, a sì jọ ṣàdéhùn nínú abà lọ́jọ́ kan pé ibi yòówù tí ayé bá gbé wa dé, oko yìí la ó ti jọ darúgbó. Ìgbà tó yá ló gba Ìbàdàn lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìlagi níbẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé ní Jánúárì 1963 pé òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan, mo fi páànù tuntun bo yàrá kejì, mo sì ra bẹ́ẹ̀dì onírin l'Ọ́jà Ìkọ̀lé. Ta ni í ra bẹ́ẹ̀dì nítorí àlejò ọ̀sẹ̀ kan? Mo fẹ́ kó dúró ni. Èkó ni àwọn ọmọ mi wà. Èmi nìkan ni mò ń jí, èmi nìkan ni mò ń jẹun, ewúrẹ́ ni mo ń bá jà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ọ́ nínú ilé. Mo ní tí a bá dé inú igbó, n ó wí i.

Ní ọjọ́ kẹrin, a jí lọ sóko nínú ọyẹ́. Èmi gbé ìbọn ṣakabùlà, òun ru ìgèrè tí a ó fi pẹja. Háà, ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀! Láti ẹ̀yìnkùlé mi títí dé oko, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Gbogbo ẹran inú igbó ló gbọ́ ìtàn ilé ìlagi lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Dúródọlá, pa ẹnu mọ́, jọ̀ọ́. Ọdẹ la ń ṣe."

Ó ń lọ níwájú mi. Ó ní, "Òótọ́ ni, òótọ́ ni," ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi ni pé ó ṣì ń pe ilé ní "ulé", gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.

Nígbà tí a rí ẹsẹ̀ ọ̀yà, a pínyà síbi igbó eèsún. Òfin ọdẹ kò ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀: bí o kò bá rí ẹnìkejì rẹ mọ́, súfèé; bí òun bá gbọ́, á dá ọ lóhùn. Mo súfèé. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún súfèé. Koríko ń mì níwájú mi. Mo gbé ìbọn sójú, ìka mi ti wà níbi tí wọ́n ti ń yìn ín, àfi bí mo ṣe rí fìlà Dúródọlá tó yọ láàárín eèsún.

Mo pariwo mọ́ ọn, "Ṣé o fẹ́ kí n dá ara mi lẹ́bi ikú rẹ ni? O ò gbọ́ súfèé?"

Ó wò mí, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀yà ni òun ń wò. Mo ní, háà, Ìbàdàn ti ba orí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ tán. Ọ̀yà ti sá lọ.

A bá sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Dúródọlá wọ inú omi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi màrìwò dí ojú omi kí ẹja lè gba inú ìgèrè kọjá. Ó dákẹ́ wàyí. Èmi jókòó sórí òkúta, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti rù gan-an. Ìbínú mi lọ. Mo bá sọ ọ́.

"Dúródọlá, má padà mọ́. Ilé ti tóbi jù fún mi. Mo máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, n kò sì ní lè jẹ ẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tí n ó sọ fún pé kó wá jẹ. Tìrẹ ni yàrá yẹn. Dúró tì mí. Mo bẹ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, n kò bẹ ọkùnrin ẹgbẹ́ mi rí. Dúródọlá kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń to màrìwò. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin ìjọ.

Mo kó wọ omi tòun ti ṣòkòtò, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo yí i kọjú sí mi, mo sì pariwo sí i lójú: "Padà sí Ìbàdàn rẹ! Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ níbí!"

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ojú rẹ̀ wá rẹ̀ wẹ̀sì. "Ó dáa, Morákinyọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ. Kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ lọ́rì, n kò sì sìn ín.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni Kíkẹ́lọmọ ọmọ rẹ̀ wá bá mi nínú aṣọ dúdú. Ó kúnlẹ̀, ó ní bàbá àwọn ti kú, àwọn sì ti sin wọ́n sí Ìbàdàn.

Mo fò dìde. "Sí Ìbàdàn kẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu? Àjò ì í dùn kí onílé má relé! Ṣé gbogbo wa ti kú tán nílé ni?"

Ó ní, "Bàbá fúnra wọn ló ní ká má gbé àwọn wá, sà. Wọ́n ní ẹ ti sọ fáwọn pé kò sẹ́ni tó ń retí àwọn."

"Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ńkọ́? Kò sọ ìyẹn fún yín?"

"Ṣé wọ́n kọjú sí yín nígbà tí ẹ sọ ọ́?" Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀rọ ilé ìlagi ti di wọ́n létí láti ọdún mẹ́rin, sà. Ẹnu ẹni ni wọ́n ń wò. Ojú ń tì wọ́n, wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ṣáá nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n ní nǹkan. Kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ yín, wọ́n ti fi yàrá tí wọ́n háyà sílẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá ti lè ní káwọn dúró, ó parí."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà rọra bi mí, "Kí lẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, sà?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ó sì bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo bẹ̀.