Kàlẹ́ńdà Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Láàárín gbogbo atẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú, kò sí ẹni tó ń fọ́nnu tó Adébọ̀dé. Bí ẹ bá gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó lé e lọ́wọ́, á ti rí àṣìṣe mẹ́rin níbẹ̀ kí ẹ tó ráyè jókòó. Ó máa ń sọ fún Kamaldeen, tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ dojú kọ ti Adébọ̀dé, pé ojú òun nìkan ni ojú atẹ̀wé, pé ojú àwọn yòókù, ojú à-fi-ń-wá-ẹran-nínú-ọbẹ̀ lásán ni. Kamaldeen á kàn rẹ́rìn-ín, á sì yíjú padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ohun kan wà tó mọ̀ tí Adébọ̀dé rò pé kò sẹ́ni tó rí.

Ní ìparí ọdún kan, Adébọ̀dé gba iṣẹ́ kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́ ní Onípáànù. Àwòrán ìbejì kan báyìí ló wà lókè rẹ̀, wọ́n sanra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìtíì hu eyín kan. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ọ̀lẹ sì gùn ún díẹ̀. Dípò kó to ọjọ́ tuntun, ó fa kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde nínú kọ̀ǹpútà, ó yí ọdún tó wà lórí rẹ̀ padà, ó gbé ìbejì lé e, ó sì tẹ irínwó. Inú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni kàlẹ́ńdà ń pè é. Ojú ìwé kan péré ni oníbàárà wò tó fi ní òun kò gbà. Adébọ̀dé sáré tẹ òmíràn fún un, ó ru irínwó tó bàjẹ́ lọ sílé ní Bàrígà, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì pa ẹnu mọ́. Kamaldeen rí i nígbà tó ń rù wọ́n lọ.

Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní iwájú ilé wọn. Ó di ọdún kẹta tí wọ́n ti fẹ́ra, ọmọ kò sì tíì dé. Níbi tó ti ń gbálẹ̀ ló ti rí ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò wo ọjọ́, ìbejì ló rí. Ó yọ ọ̀kan, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ ojú ọmọ lòun á kọ́kọ́ máa rí láràárọ̀. Nígbà tí Adébọ̀dé wọlé tó rí i, ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹnu tí fífọ́n ti mọ́ lára, "mo ṣe àṣìṣe" kì í gba ibẹ̀ jáde. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwòrán ni obìnrin náà kúkú ń wò, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á gbé èyí tó dáa wá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di oṣù mẹ́wàá.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìbejì nìkan ni Àyìnkẹ́ ń wò. Nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn obìnrin ìjọ Bàptíìsì wọn sọ̀rọ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá ti dé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pé ní ti ẹni tí oṣù tirẹ̀ kì í yẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìnlá ni ilẹ̀kùn ọmọ máa ń ṣí. Oṣù Àyìnkẹ́ kì í yẹ̀. Bí tirẹ̀ bá ti dé, á wo iye tí oṣù jẹ́ lórí fóònù, á fi báírò pupa fa òbíríkítí yí nọ́ńbà náà ká lórí kàlẹ́ńdà, á kà á dé ibi tó yẹ, á wá gbójú sókè wo orúkọ ọjọ́. Orúkọ ọjọ́ yẹn ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀, nítorí fóònù tọ́ọ̀ṣì ni Adébọ̀dé ń lò, ọdún tí wọ́n ti rà á ló ṣì ń ka níbẹ̀. "Tiúsìdè sí Tọ́sìdè ni o," ni Àyìnkẹ́ á wí. Bẹ́ẹ̀ láti Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Ajé ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tó sì ti tì. Lóòótọ́, bó bá fara balẹ̀ wo orúkọ ọjọ́ lókè lọ́jọ́ tó ń fa ìlà pupa, àṣírí ìbá ti tú. Àmọ́ ta ló ń bi kàlẹ́ńdà léèrè ohun tó ti wà lójú fóònù?

Èyí tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni ìmọ̀ràn ìyá Adébọ̀dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ní àgbẹ̀ gidi kì í fọ́n irúgbìn káàkiri lásìkò tí òjò kò rọ̀. Ó ní kí ọmọ òun tọ́jú agbára rẹ̀ de ọjọ́ mẹ́ta náà. Nítorí náà, ìrọ̀rí gígùn kan wà láàárín tọkọtaya yìí ní gbogbo ọjọ́ tó kù nínú oṣù. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá wá ń sún mọ́lé, oúnjẹ á yí padà. Òfio láàárọ̀, dábínù lọ́sàn-án, kùkúmbà lálẹ́. Adébọ̀dé á máa jẹ òfio lẹ́nu iṣẹ́ bí àgbò tó ń jẹ àpọ̀jẹ, Kamaldeen á sì bi í láti òdìkejì pé ṣé ọdún iléyá ti dé ni. Bí ọjọ́ bá pé, á pa ẹ̀rọ, á sọ fún oníbàárà pé iná ti lọ, á sì gba ilé lọ, nígbà tí gílóòbù iná ń tàn lára ògiri.

Oṣù á tún dé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni Màmá ń pè láti béèrè bóyá Àyìnkẹ́ ti fẹ́ra kù. Nígbà tó yá, kò béèrè lọ́wọ́ Àyìnkẹ́ mọ́, Adébọ̀dé ló ń bi, ó sì ń bi í sókè tó fi jẹ́ pé Àyìnkẹ́ ń gbọ́: kí ni obìnrin yìí ti fi inú rẹ̀ ṣe kó tó délé wa? Ní oṣù kọkànlá, ó ní òun á wá ní ìparí oṣù, òun á mú ìyàwó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìtọ́jú lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, kó má sì béèrè ìgbà tí òun á dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà dun Àyìnkẹ́ wọ egungun. Lọ́jọ́ kejì, Adébọ̀dé bá a níbi tó ti di ṣòkòtò jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan mú, tó ń sunkún sí i lára. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Àyìnkẹ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, àmọ́ ọkọ rẹ̀ á ní ọkùnrin ilé àwọn kì í ṣe irú ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ní òun á lọ.

Ilé àyẹ̀wò kan ní Ọbaníkòró ló lọ. Àǹtí Sabina, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fún un ní ìgò kékeré, ó ní kó gbé àtọ̀ wá nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, pé kó má ju wákàtí kan lọ lọ́nà, kó sì fi ara mú un kó má tutù. Nígbà tó délé, ó pariwo láti pálọ̀ pé ọjọ́ wo ni kẹrìndínlógún bọ́ sí. Àyìnkẹ́ yọjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní Tọ́sìdè ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adébọ̀dé há ìgò sí abíyá ọ̀tún, ó lẹ apá mọ́ra, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyá kan tó jókòó tì í bi í bóyá eéwo ló sọ ọ́ lábẹ́ apá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni ìyá bá ń to oríṣiríṣi oògùn eéwo fún un títí dé Ọbaníkòró, ó tiẹ̀ fẹ́ kó gbé apá sókè kí òun wò ó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò lè na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló fi na owó sí baba tó ń wa kẹ̀kẹ́. Baba wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó ní òun ti bí irú rẹ̀ mẹ́fà, kò sì sí èyí tó jẹ́ fi òsì fún òun ní nǹkan. Adébọ̀dé dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ìgò gbà á láyè.

Àǹtí Sabina yẹ ìwé wò. "Brọ̀dá, Mọ́ńdè la ní kẹ́ ẹ wá. Òní ti di kọkàndínlógún."

Adébọ̀dé rẹ́rìn-ín. Ó ní àǹtí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, pé atẹ̀wé ni òun, pé òun kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ní ọjọ́. Àǹtí Sabina kò bá a jiyàn, ìka ló fi tọ́ka sí ògiri. Ìbejì ló wà níbẹ̀. Ìbejì kan náà, ẹ̀rín kan náà, orúkọ ilé ìtẹ̀wé Adébọ̀dé sì wà nísàlẹ̀ gbàgàdà. Èyí tó tún tẹ̀ fún obìnrin Onípáànù ni. Kẹrìndínlógún wà lábẹ́ ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé bí tọkọtaya bá ń há ara wọn mọ́ ọjọ́ mẹ́ta lóṣù, tí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ sí ìgbà tí ilẹ̀kùn ọmọ ṣí ńkọ́.

"Yóò ti tì nìyẹn," ni Àǹtí Sabina wí. Ó gba ìgò náà nítorí ó ṣì gbóná. Ó tún bi í pé ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n máa há ara wọn mọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí tọkọtaya máa rí ara wọn lọ́jọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Bàrígà. Ó lọ tààrà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣí oṣù kọ̀ọ̀kan wò. Òbíríkítí pupa ni níbi gbogbo, oṣù mẹ́wàá, Àyìnkẹ́ fara balẹ̀ fà wọ́n bí ẹni ń gé aṣọ olówó. Àánú Àyìnkẹ́ ṣe é. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó fa ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, irínwó ó dín ọ̀kan, ó sì jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Àyìnkẹ́ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, kò rántí. "O mọ̀ pé kò dáa, o sì jẹ́ kí n máa wò ó?"

"Mi ò mọ̀ pé ò ń kà á."

"O mọ̀ pé kò dáa."

Adébọ̀dé na ọwọ́, ó gba fóònù ìyàwó rẹ̀, ó pe Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì tẹ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. "Màmá, ẹ má wá mọ́. Àyìnkẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo tẹ ọjọ́ tí ò dáa." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Adébọ̀dé, ìwọ tó o máa ń tún lẹ́tà tí pásítọ̀ wa bá kọ kọ. Gbé fóònù fún ìyàwó mi." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Àyìnkẹ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, mo kó o jẹ. Tí ẹnì kan bá máa wá gba ìtọ́jú níbí, ọkọ rẹ ni. Òun ni wọ́n á kọ́ ní oókan, eéjì."

Ẹkún ni Àyìnkẹ́ fẹ́ sun, ẹ̀rín ló jáde, àwọn méjèèjì wá dà pọ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, ó gé gbogbo ọjọ́ kúrò nídìí kàlẹ́ńdà, ó sì dá ìbejì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn kò ṣẹ òun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Adébọ̀dé àti ìrọ̀rí gígùn fi sùn ní pálọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìrọ̀rí nìkan ló sùn níbẹ̀.

Àyẹ̀wò jáde, kò sí nǹkan tó ṣe ọkùnrin náà. Ní oṣù kejì ọdún tuntun, Àyìnkẹ́ fẹ́ra kù, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ó bí obìnrin, Ayọ̀kúnnúmi. Adébọ̀dé ti to káàdì ìsọmọlórúkọ sínú kọ̀ǹpútà kí ọmọ tó lo wákàtí mẹ́ta láyé. Àyìnkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Kamaldeen.

Adébọ̀dé fúnra rẹ̀ ló lọ gbà á. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé káàdì kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ọjọ́, ó wo déètì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo, inú sì bí i díẹ̀.