Òṣùpá Tí Mo Fi Kọ̀ǹpútà Yọ

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti lé ní oṣù méjì, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ojú Sir Edgar, ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fótò rẹ̀ nílùú wa létí òkun ní ìpínlẹ̀ Quezon. Rowelyn ni orúkọ mi, Weng ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Èmi ni mo ń tún fótò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo máa ń pa rorẹ́ rẹ́ lójú ìyàwó tuntun, mo máa ń la ojú ọmọ tó dijú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni pé mo lè sọ ọ̀sán di òru. Màá fa ìmọ́lẹ̀ fótò náà wálẹ̀ títí yóò fi ṣú, màá fi àwọ̀ aró bò ó, màá pa dídán oòrùn rẹ́ lára ewé àti lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni màá yọ òṣùpá nínú fótò mìíràn, màá gbé e sójú ọ̀run, màá wá fi ìmọ́lẹ̀ funfun tẹ́ ojú omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí ìpele tirẹ̀, bí aṣọ tí ènìyàn wọ̀ léra. Mo lè bọ́ èyí tó bá wù mí kúrò.

Ní oṣù Keje, mo ya fótò Ninong Sidro, bàbá ìsàmì mi. Apẹja ni, òun ló kọ́ mi ní odò wíwẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ó dúró nínú omi tó dé orúnkún lẹ́bàá ọgbà ẹja Madam Abrenica, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìṣáwùrú lé èjìká. Mo sọ fótò náà di òru. Ó dára débi pé Sir Edgar gbé e kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn, mi ò purọ́.

Lóru ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ, àwọn kan wọ ọgbà Madam, wọ́n kó ẹja rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mò ń jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ nígbà tí Aling Pacing, ìyàwó Ninong, já wọlé láìwọ bàtà.

“Weng! Wọ́n ti gba ọkọ̀ ojú omi ọkọ mi! Wọ́n ní olè ni!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n ní àwọn rí i nínú fótò! Fótò olóṣùpá tí o yà!”

Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo sáré lọ sí gbọ̀ngàn barangay, níbi tí àdúgbò wa ti ń ṣèpàdé. Àwọn ènìyàn ti kún ibẹ̀. Kapitana Ester, olórí àdúgbò wa, jókòó sídìí tábìlì, fótò mi sì wà níwájú rẹ̀. Ní igun fótò náà, ẹnìkan ti tẹ nọ́ńbà aláwọ̀ yẹ́lò sí i: ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ, aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́. Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Madam Abrenica ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Sir Edgar jókòó tì í, ó ń mu kóòkì.

“Kapitana, kò sí òṣùpá lóru ọjọ́ yẹn!” Ninong na ọwọ́ sí fótò náà. “Ó ṣú biribiri! Ẹ bi apẹja tó bá wù yín!”

Madam rẹ́rìn-ín. “Àwọn tí ẹ jọ ń jalè ni ká bi? Mang Sidro, ṣé fótò ló wá ń purọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń purọ́,” ni mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà. “Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Sir Edgar gbé kóòkì rẹ̀ sílẹ̀. “Weng, padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ àgbà lèyí.”

“Àgbà wo? Ta ló tẹ déètì sí fótò mi?”

“Madam ni oníbàárà, wọ́n ní ká fi déètì sí i, mo fi sí i. Èwo ni tèmi níbẹ̀?”

“Èwo ni tiyín? Sir, ẹ mọ̀ pé ọ̀sán ni! Ẹ̀yìn mi lẹ dúró sí nígbà tí mò ń gbé òṣùpá yẹn sókè!”

Ó tún gbé kóòkì rẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà síwájú Kapitana. Mo kọ́kọ́ yọ òṣùpá. Ó pòórá. Àwọn ènìyàn ní “Hẹ̀ẹ́n!” Mo yọ ìmọ́lẹ̀ ojú omi. Mo yọ aró. Mo yọ òkùnkùn. Oòrùn oṣù Keje là kedere: Ninong fún ojú pọ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, òógùn ń dà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí mo ti fi òkùnkùn bò mọ́lẹ̀ yọ pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn.

Kapitana tẹjú mọ́ ọn. “Trina ọmọ-ọmọ mi nìyẹn! Madam, ṣé òun náà wá jalè lóru ni?”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ninong náà ò rẹ́rìn-ín.

“Èmi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà,” ni Madam wí, ó dìde, ó sì jáde. Kò tọrọ àforíjì.

Kapitana ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, ọ̀kan nínú àwọn oparun tó ń gbà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣẹ́ sí méjì. Ninong fọwọ́ pa á. Mo sún mọ́ ọn.

“Weng,” ó ní, kò wò mí, “ṣé o bi mí kí o tó gbé mi sínú òru?”

“Rárá, Ninong.”

“Ó dáa.”

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ì bá bú mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù, mo já fótò yẹn kúrò lójú fèrèsé, mo fà á ya wẹ́wẹ́. Sir Edgar wọlé bá mi.

“Tí o bá jáde báyìí, má padà wá!”

“Ta ló fẹ́ padà?”

Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ Madam gbé tíìnì bisikíìtì ńlá kan wá sílé Ninong. Ó ní ọ̀gá òun ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Kò sí àforíjì kankan níbẹ̀. Àwa mẹ́ta wà níta, à ń di oparun tuntun mọ́ ọkọ̀. Ninong ò gbójú sókè. Aling Pacing wo tíìnì náà, ó wo awakọ̀, ó tutọ́ sílẹ̀.

“Gbé e padà.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

Mo ju okùn sílẹ̀. Mo gba tíìnì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e rìn gba ojú títì nínú oòrùn dé ẹnu géètì Madam. Mo gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, mo ta á nípàá tó fi yí lu irin géètì gbàà. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú ọgbà, mo sì padà sídìí oparun.